Bàbá mi ní ìpá, àyà ń ta èmi náà: ta ni iṣẹ́ abẹ tọ́ sí nínú wa?

Ọmọ Ìsẹ́yìn
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ń roko títí di òní. Ìpá wọn ti pẹ́ lára wọn, ṣùgbọ́n ó ń tóbi sí i. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, á wọlé. Bí wọ́n bá dìde tàbí tí wọ́n wúkọ́, á tún jáde. Wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ iṣẹ́ abẹ sétí rárá. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan wọ tíátà, kò jáde mọ́. Àgbo ni wọ́n ń mu.
Èmi náà wà níbí, bí mo bá ti jẹun alẹ́ tán ni àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, omi kíkan á máa rú wá sí ọ̀fun mi lórí ibùsùn. Omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù, ni mò ń lò. Nígbà tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n kọ "hiatus hernia" síwèé fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá ní ìpá kan náà ni, pé ó ti wà nínú ẹbí, kí èmi àti Bàbá jọ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ká sì parí ẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, àbúrò. Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, torí ohun tó tọ́ sí Bàbá kọ́ ló tọ́ sí yín.
Ti Bàbá, ògiri ikùn ló ti lu. Ó dà bí táyà tó ti jẹ, tí túùbù wá ń yọ níbẹ̀. Kò sí àgbo tó lè dí ihò yẹn, kò sì sí oògùn òyìnbó tó lè dí i. Bẹ́líìtì tí wọ́n ń tà kàn ń tì í wọlé ni, bí ẹ bá ti tú u, ó tún jáde. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló ń wo ìpá àgbàlagbà sàn.
Tiyín, "hiatus hernia" yẹn, iṣan pẹrẹsẹ kan ló pààlà láàárín àyà àti ikùn. Ihò kan wà lára ẹ̀ tí ọ̀nà ọ̀fun ń gbà kọjá lọ sínú àpòlúkù. Bí ihò yẹn bá fẹ̀ jù, orí àpòlúkù á máa yọ́ gba ibẹ̀ gòkè, ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó máa pa dé ò ní pa dé dáadáa mọ́, omi kíkan á wá máa rú sókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in tí wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Oògùn àti àtúnṣe sí bí a ṣe ń jẹun ló ń ká ti ọ̀pọ̀ jù lọ wọn.
Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè méjì: ṣé ìpá Bàbá ṣì ń wọlé tán pátápátá? Ṣé wọ́n ń rí ìtọ̀ tọ̀ dáadáa?

Ọmọ Ìsẹ́yìn
Ẹ ṣé mà. Ó ń wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti fọwọ́ tì í báyìí. Ti ìtọ̀, wọ́n máa ń pẹ́ níbẹ̀ gan-an, wọ́n á máa fipá tì í kó tó jáde. Ṣé ìyẹn náà kan ìpá ni?

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Ó kàn án o. Ọkùnrin tó ti dàgbà tó ń fipá tọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pròsítéètì ẹ̀, ẹ̀yà ara tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká, ló tóbi. Ipá tó ń fi sí i lójoojúmọ́ yẹn ló ń ti ìfun jáde. Bí wọ́n bá rán ìpá tí wọn ò wo ti ìtọ̀, ibi tí wọ́n rán lè tún já, ìtọ̀ sì lè dá pátápátá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n fi ń pa ìrora nígbà iṣẹ́ abẹ. Bákan náà ni ikọ́ tí kò lọ, sìgá, àti ìgbẹ́ líle. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún dókítà kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, ẹ má dúró kó bi yín. Bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ti àgbo náà.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá
Ẹ má bínú, ojú ló ń ti Bàbá yín ju ẹ̀rù lọ. Nílùú tiwa, ẹni tó bá ní ìpá ti di ẹni tí àwọn ọmọdé ń fi ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn. Èmi náà gbé tèmi kiri lábẹ́ aṣọ iṣẹ́ pẹ́. Ọmọ bíbí inú ẹni kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, àgàgà bó bá jẹ́ obìnrin. Ẹ wá ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn tó ti ṣe é. Ohun tó wà lọ́kàn wọn tí wọn ò lè bi yín ni pé ṣé àwọn á ṣì lè ṣe bí ọkùnrin lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé mo ní wọ́n á ṣe é. Ìyàwó mi ò tíì fẹjọ́ sùn.
Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi. Láti ìdí dé ẹsẹ̀ ò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ojú mi là kedere, mò ń gbọ́ bí àwọn dókítà ṣe ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Wọ́n la ibi tí itan ti pàdé ikùn, wọ́n dá ìfun padà sáyè ẹ̀, wọ́n tẹ́ nẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ kan síbẹ̀, wọ́n rán an. Wọ́n mú mi dìde rìn kí ilẹ̀ tó ṣú.
Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún Bàbá pé kò ní dùn wọ́n o. Ọjọ́ kejì ló máa ń dunni jù. Ìgbà àkọ́kọ́ téèyàn bá fẹ́ yàgbẹ́, ẹ̀rù á bà á, torí náà ẹ tọ́jú ìbẹ́pẹ, ewédú àti omi púpọ̀ sílé. Bí ikọ́ tàbí ẹ̀rín bá fẹ́ dé, kí wọ́n fi ìrọ̀rí tẹ ojú ibẹ̀. Abẹ́ lè wú, kó sì dúdú bí ẹni tí wọ́n nà. Ó máa ń lọ fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gbóná, tó ń ṣọyún, tàbí tí ibà dé, kí wọ́n padà lọ kíá.

Àgbà Eléwé
Ẹ̀yin ọmọ òní, bí ẹ ṣe ń sáré fi ọ̀bẹ ya ara yín yìí ti pọ̀ jù. Jẹ̀díjẹ̀dí tó ti pẹ́ lára ló ń di ìpá. Ẹ jẹ́ kí Bàbá máa mu àgbo wọn. Mo ti rí èyí tó wọlé lójú mi tí kò jáde mọ́.

Aláṣọ Gbági
Ẹ kú àgbà sà. Àbúrò ọkọ mi náà mu àgbo, ó sì gbà á gbọ́. Ìpá náà jáde lálẹ́ ọjọ́ kan, kò wọlé mọ́. Ó le gbandi, ó ń bì, kò lè yàgbẹ́, kò lè só. Wọ́n tún fún un ní àgbo ìyàgbẹ́ sí i. Kó tó dé ilé ìwòsàn, apá kan ìfun ẹ̀ ti kú, wọ́n ní láti gé e kúrò. Ó yè, a dúpẹ́. Owó ilẹ̀ tí ìyá wọn tà ló bá a lọ.

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Bàbá wa, mo kí yín sà. Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín: ẹni tó ń fipá yàgbẹ́ ń fún ìpá lágbára. Ṣùgbọ́n àgbo tó ń mú inú rọ̀ ò rán ihò. Nígbà mìíràn, èyí tí àgbo "wò" yẹn, ó kàn wọlé bó ṣe máa ń wọlé tẹ́lẹ̀ ni. Irú ìpá ti Bàbá yìí sì yàtọ̀ sí ìpá olómi, ìyẹn omi tó kún inú àpò ẹpọ̀n. Ti olómi kì í wọlé bí èèyàn bá dùbúlẹ̀, bí a bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́yìn nínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ máa ń là á já. Kòkòrò tí ẹ̀fọn ń gbìn sára wà lára ohun tó ń fà á nílẹ̀ wa. Iṣẹ́ abẹ ló ń yanjú òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú iṣẹ́ mìíràn ni.
Ohun tí Aláṣọ Gbági sọ yẹn, kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n sórí. Ìpá tó máa ń wọlé, tó wá kọ̀ tí kò wọlé, tó le, tó ń dunni, tí èébì dé tàbí tí ìgbẹ́ àti ìsó dúró, ilé ìwòsàn ni lóru yẹn kan náà. Ẹ má fipá tì í, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má fún wọn ní oúnjẹ tàbí oògùn ìyàgbẹ́ kankan. Wákàtí díẹ̀ ló wà láàárín ìfun tó ṣì yè àti èyí tó ti kú.

Ọmọ Ìsẹ́yìn
Ọlọ́run má jẹ́. Bàbá ti fọwọ́ sí i pé àwọn á bá Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, mo ti kọ̀wé sí yín ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá tún gbé òmíràn dé: wọ́n ní àwọn gbọ́ pé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni wọ́n ń rán mọ́ èèyàn nínú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn
Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àlọ́ o! Ní Uganda, wọ́n ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2016 lórí ọkùnrin 302 tó ní ìpá. Wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn rán àwọn kan, wọ́n fi aṣọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn rán àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹnì kan péré ni ìpá ẹ̀ padà wá lára àwọn tí wọ́n fi ti ẹ̀fọn rán, kò sì sí ìkankan lára àwọn yòókù. Ti ẹ̀fọn yẹn ò ju nǹkan bíi dọ́là kan lọ nígbà náà, ti ilé ìwòsàn lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ṣùgbọ́n wọ́n pa kòkòrò inú ẹ̀ lọ́nà tó tọ́, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ti fi oògùn ẹ̀fọn sí. Kí ẹnikẹ́ni má ki nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ sínú báàgì lọ bá dókítà o.
Lichtenstein, oníṣẹ́ abẹ kan ní Los Angeles, ló sọ lílo nẹ́ẹ̀tì di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe láti bí ọdún 1984. Kó tó dìgbà náà, wọ́n máa ń fa ẹran ara méjèèjì mọ́ra wọn tipátipá ni, bí Bassini ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Ítálì ní nǹkan bí ọdún 1884. Ìfàmọ́ra yẹn ló máa ń mú kó dunni, ló sì máa ń mú kó tún já. Síbẹ̀, a ṣì ń ṣe é láìlo nẹ́ẹ̀tì. Ilé ìwòsàn Shouldice ní Kánádà, tó ti wà láti 1945, iṣẹ́ ìpá ni wọ́n ń ṣe, ẹran ara aláìsàn fúnra ẹ̀ ni wọ́n sì ń fi rán ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ló ṣe pàtàkì jù. Ìbéèrè tí mo bá jẹ́ Bàbá tí mo máa bi dókítà nìyí: "Ìpá mélòó lẹ ń ṣe lóṣù kan?" Kì í ṣe àrífín.
Àìdáa ẹ̀ náà wà. Ìrora lè dúró sára àwọn kan pẹ́ lẹ́yìn tí ojú ọgbẹ́ ti san.

Bàbá Ìbejì Iléṣà
Mo ní ìbéèrè kan. Tèmi ò dùn mí rárá, ó kàn wà níbẹ̀ ni. Dókítà kan ní kí n máa wò ó. Ṣé ó fẹ́ lé mi dànù ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn
Rárá sà. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006 tó fi hàn pé ọkùnrin tí ìpá ò yọ lẹ́nu lè máa wò ó láìséwu púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún wo àwọn ọkùnrin yẹn fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn tó padà ṣe é, ìrora ló sì mú ọ̀pọ̀ wọn dé ibẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń gbé níbi tí kò sí dókítà oníṣẹ́ abẹ lóru, tí ọ̀nà ò dáa, kò yẹ kó fi ìwádìí Amẹ́ríkà ṣe ìrọ̀rí. Ti obìnrin sì yàtọ̀ pátápátá: bí nǹkan bá wú nítòsí itan obìnrin, a kì í ní kó máa wò ó, torí irú tiwọn tètè máa ń há.

Ará Peckham
Mo ti ń ka ìwé yín láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ àyà títa ni mo ń dúró dè. Ọmọ Ìsẹ́yìn, èmi ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ yẹn níbí ní London. N ò kábàámọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń bá bàbá ẹni tẹ̀ lé lọ ṣe.
Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí, àyẹ̀wò lásán gba ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n ti rọ́bà tó ní kámẹ́rà bọ̀ mí lọ́fun. Wọ́n tún ki wáyà tín-ín-rín kan gba imú mi, mo gbé e sùn di ọjọ́ kejì, kó lè máa ka bí omi kíkan ṣe ń rú sókè. Wọ́n wọn agbára tí ọ̀fun mi fi ń ti oúnjẹ lọ sísàlẹ̀, torí bí ọ̀fun bá ti rẹ̀, tí wọ́n wá dì í mọ́lẹ̀, oúnjẹ á há. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fún yín láìṣe irú àyẹ̀wò wọ̀nyí, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.
Iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀: ihò kéékèèké ni wọ́n lu sí ikùn, wọ́n fa àpòlúkù padà sísàlẹ̀, wọ́n rán ihò tó fẹ̀ náà kù, wọ́n wá ká orí àpòlúkù mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, kó lè máa fún un pa. Nissen, dókítà Júù ará Jámánì tí ìjọba Hitler lé kúrò nílé, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1955. Òun kan náà ló ṣe iṣẹ́ abẹ fún Albert Einstein ní 1948, lórí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn. (Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi mọ èyí, mo ní àkókò púpọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.) Láti 1991 ni wọ́n ti ń fi kámẹ́rà ṣe é láìla ikùn gbàgà.
Ẹ gbọ́ èyí tí wọn kì í sọ kíkankíkan. N ò lè gùfẹ̀ bíi tàtijọ́. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gba òkè jáde, ìsàlẹ̀ ló ń gbà, ẹ bá mi bẹ àwọn tí à ń jọ wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi ń mu ògì, ọbẹ̀ olómi àti ẹyin rírọ̀. Búrẹ́dì àti ẹran gbígbẹ, èèwọ̀. Iyán ló dùn mí jù, torí àwa kì í jẹ òkèlè lẹ́nu, gbígbé mì ni, ohun tí ọ̀fun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú ò sì fẹ́ nìyẹn. Àwọn kan tún ń padà sídìí oògùn lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ọmọ Ìsẹ́yìn
Háà. Kí ni kí n wá ṣe báyìí?

Ará Peckham
Ìgbà wo lẹ ń lo omeprazole yín?

Ọmọ Ìsẹ́yìn
Alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, bí àyà bá ti ń ta mí.

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Ó ti hàn. Kì í ṣe oògùn tí à ń lò bí iná bá ti ràn. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó jẹ oúnjẹ àárọ̀ ni, lójoojúmọ́, títí di ìgbà tí dókítà dá fún yín. Oúnjẹ alẹ́ kó tètè wáyé: ó kéré tán wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó dùbúlẹ̀. Àmàlà aago mẹ́wàá alẹ́ yẹn ni ọ̀tá yín, kì í ṣe ata nìkan. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lápá orí sókè, ìrọ̀rí lásán kàn ń ká ikùn kò ni. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Bí ara bá ti sanra, kí ó fọn díẹ̀. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ẹ jìnnà sí i. Alabukun náà, aspirin wà nínú ẹ̀, ó máa ń ha inú. Kí Bàbá náà sọ fún dókítà bí wọ́n bá ń lò ó, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà jù lójú iṣẹ́ abẹ.
Bí oúnjẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í há yín lọ́fun, tí ẹ ń rù láìnídìí, tí ẹ bi ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ìyẹn ti kúrò lórí ohun tí à ń bára wa sọ níbí. Àyà tó ń dunni tó ń wọ apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn bo ara, ẹ má pè é ní omi kíkan. Ọkàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Aláṣọ Gbági
Ti owó ńkọ́? Èèyàn ò lè fi gbígbọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá
Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìṣètò ìlera ìpínlẹ̀ yín ń san ti ìpá. Èkó ní Ìlera Èkó, Ọ̀yọ́ náà ní tiwọn. Kí ẹ forúkọ sílẹ̀ kí àìsàn tó le, wọ́n kì í fẹ́ ẹni tó dé lónìí tó fẹ́ ṣe é lọ́la. Bí ẹ bá gbọ́ pé olóṣèlú kan ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́, mi ò ní kí ẹ má lọ. Àwọn kan ń ṣe é dáadáa. Ẹ kàn béèrè ẹni tó máa wo ojú ọgbẹ́ Bàbá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n bá ti tú àgọ́ wọn. Bí wọn ò bá ní ìdáhùn, ẹ padà sílé.
Ẹ fi owó okọ̀ lọ-bọ̀ kún ìṣirò yín, pàápàá owó takisí ọjọ́ tí wọ́n bá dá wọn sílẹ̀. Ọ̀kadà ò ṣeé gùn lọ́jọ́ yẹn. Kí ẹ sì ti wá ẹni tó máa roko, torí Bàbá ò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Mo fi èyí kún un: láti òru tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kò sí oúnjẹ. Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé ẹ̀kọ mímu kì í ṣe oúnjẹ. Oúnjẹ ni o! Wọ́n á sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú bí Bàbá bá mu ún.

Ìyá Àdùnní
Ẹ má bínú pé mo ń pẹ́ dé. Ọmọ mi ò tíì pé ọdún méjì, ìdodo ẹ̀ yọ síta gan-an. Màmá ọkọ mi ní kí n fi owó bàbà dè é. Ṣé ìpá ni òun náà?

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n èyí ló yàtọ̀ nínú gbogbo wọn. Ìdodo ọmọdé tó yọ wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń pa dé fúnra ẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ má de nǹkan kan mọ́ ọn, ó lè bó o lára, ó lè di egbò. Ẹ fọ̀wọ̀ sọ fún Màmá pé nọ́ọ̀sì ló ní kí ẹ má dè é, kí ẹ̀bi wà lọ́rùn mi. Bó bá le, tó ń dun ọmọ, tí ọmọ ń bì, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé nítòsí itan tàbí nínú àpò ẹpọ̀n ọmọkùnrin ló ti ń wú nígbà tó bá ń sunkún, ìyẹn ò dúró de ọdún márùn-ún o, ẹ gbé e lọ fún dókítà ọmọdé lọ́sẹ̀ yìí. Nẹ́ẹ̀tì kò sí nínú iṣẹ́ abẹ tiwọn, ẹnu àpò ìpá náà ni wọ́n kàn máa ń so pa, ọmọ á sì ti máa sáré kiri kí ẹ̀yin ìyá tó sinmi tán.